Ìtàn àwọn Ajẹ́rìíkú Ùgáńdà fún kíláàsì kọnfáméṣọ̀n: ibo la ti máa ń ṣì í?

Olùkọ́_Kọnfáméṣọ̀n
Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin ará. Ọjọ́ 3 oṣù kẹfà, ọjọ́ Charles Lwanga àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, ti ń sún mọ́lé. Ọgbọ̀n ọmọ ló wà ní kíláàsì, ọmọ ọdún 11 sí 15. Ọjọ́ Ìsinmi mẹ́ta la ní, ìṣẹ́jú 45 lọ́kọ̀ọ̀kan, àti eré ṣókí lẹ́yìn Mísà ọjọ́ náà. Ìwé pélébé tó wà nílẹ̀ kò sọ ju pé ọba burúkú kan dáná sun ọmọkùnrin 22 nítorí pé wọ́n jẹ́ Kristẹni. Kí ló yẹ ká fi kún un? Ibo làwọn èèyàn ti máa ń ṣì í?

Katikíìsì_Àgbà
Ẹ kú iṣẹ́ o. Inú gbólóhùn kan yẹn gan-an ni àṣìṣe ti bẹ̀rẹ̀. Kì í ṣe gbogbo àwọn 22 ni wọ́n dáná sun, kì í ṣe ọjọ́ kan ni wọ́n kú, kì í sì í ṣe ọmọdé ni gbogbo wọn.

Mẹ́tàlá nínú wọn ló kú sí Namugongo, ibi tí wọ́n ti ń pa àwọn tí ọba dájọ́ ikú fún, ní ọjọ́ 3 oṣù kẹfà ọdún 1886, Ọjọ́bọ̀ Ìgòkè-re-Ọ̀run ọdún yẹn. Mẹ́sàn-án yòókù, ibòmíràn ni wọ́n pa wọ́n sí. Joseph Mukasa Balikuddembe, olórí àwọn ẹmẹ̀wà ọba, ló ṣíwájú. Ó bá Mwanga, ọba Buganda, wí nítorí pé ó ní kí wọ́n pa Bíṣọ́ọ̀bù Áńgílíkà James Hannington ní Busoga ní oṣù kẹwàá ọdún 1885, ó sì ń dènà ìṣekúṣe ọba pẹ̀lú àwọn ọmọ ààfin. Wọ́n bẹ́ ẹ lórí ní Nakivubo ní ọjọ́ 15 oṣù kọkànlá. Jean-Marie Muzeeyi ló kẹ́yìn wọn, ọjọ́ 27 oṣù kìíní ọdún 1887: wọ́n bẹ́ òun náà lórí, wọ́n sì ju òkú rẹ̀ sí àbàtà. Oṣù mẹ́rìnlá ó lé ló wà láàárín ikú àwọn méjèèjì.

Ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ ọn ni pé bí a bá kó gbogbo wọn sínú iná kan ṣoṣo, ojú agbo làwọn ọmọ á fi wò wọ́n, bí ẹni tí èrò ń tì lọ. Amọ̀kòkò ni Noa Mawaggali. Mityana ló wà, ó jìnnà sí ààfin. Lwanga, tó di olórí àwọn ọmọ ààfin lẹ́yìn Balikuddembe, kò sí níbẹ̀ láti kì í láyà nígbà tí wọ́n fi ọ̀kọ̀ gún un ní ọjọ́ 31 oṣù karùn-ún. Òun nìkan ló dá ẹjọ́ ara rẹ̀ rò. Olórí àwọn onílù ọba ni Andrea Kaggwa. Ìjòyè tó níyàwó tó bímọ ni Matiya Kalemba Mulumba. Ẹ̀ṣọ́ ọba ni Ponsiano Ngondwe. Kizito ló kéré jù nínú gbogbo wọn, bí ọmọ ọdún 14 ni. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ rí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí ọmọ bá mọ orúkọ, iṣẹ́ àti ibi ikú ẹni márùn-ún péré, ó sàn ju kí ó ka 22 lórí bí ìsọdipúpọ̀.

Àkójọ_Ìtàn
Ọ̀rọ̀ gidi lẹ sọ, ẹ̀gbọ́n. Ẹ kọ́kọ́ tún ọ̀rọ̀ mẹ́rin ṣe fún wọn lójú pátákó, nítorí ibẹ̀ ni gbogbo nǹkan ti ń dà rú: Buganda ni ìjọba ọba náà, Baganda ni àwọn ènìyàn rẹ̀, Luganda ni èdè wọn, Ùgáńdà sì ni orílẹ̀-èdè òní tí Buganda wà nínú rẹ̀. Oyè ọba wọn ni Kabaka. Katikkiro ni olórí àwọn ìjòyè rẹ̀. Ọmọ Yorùbá kò nílò àlàyé púpọ̀ lórí ààfin. Bí ẹ bá ti sọ fún un pé ìlàrí Aláàfin ni ẹni tó súnmọ́ ọba jù, tí ọba sì lè rán níṣẹ́ ikú àti ìyè, yóò mọ ohun tí ó ná ọmọ ààfin láti sọ fún Kabaka pé rárá.

Kì í ṣe gbogbo àwọn 22 ló jẹ́ Baganda o. Munyoro, ìyẹn ará Bunyoro, ni Kiriggwajjo; Musoga, ìyẹn ará Busoga, ni Gonzaga Gonza.

Ní ti pípè: “gy” inú Luganda súnmọ́ “j” tiwa, nítorí náà Gyavira, ẹ pè é bí ẹni pé Javira. Lẹ́tà tí wọ́n kọ lẹ́ẹ̀mejì, bíi ti Kaggwa àti Ssebuggwawo, ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ díẹ̀ kí ẹ tó tú u sílẹ̀. Lwanga, ẹ má fi “u” sí i di Luwanga. Kí òǹkàwé fi orúkọ náà dánrawò nílé lẹ́ẹ̀mẹ́ta kí ó tó dé orí pẹpẹ. Orúkọ tí wọ́n ń kọsẹ̀ lórí rẹ̀ níwájú ìjọ máa ń mú ẹ̀rín wá, ẹ̀rín kò sì yẹ níbẹ̀.

Katikíìsì_Àgbà
Bí mo ṣe máa pín ọjọ́ mẹ́ta náà nìyí.

Ọ̀sẹ̀ kìíní, ṣáájú iná. Ọjọ́ 17 oṣù kejì ọdún 1879 ni Fàdá Siméon Lourdel àti Brọ́dà Amans dé Entebbe. White Fathers ni wọ́n, ìyẹn àwọn míṣọ́nárì tí wọ́n ń wọ aṣọ funfun. Mapera ni àwọn Baganda ń pe Lourdel, láti inú “mon père”, bàbá mi, lédè Faransé. Ní 1882 gbogbo àwọn fàdá kúrò ní ìlú, wọn kò padà títí di 1885. Ẹ dúró lórí ọdún mẹ́ta yìí dáadáa. Kò sí fàdá, kò sí Mísà. Àwọn ọmọ ìjọ fúnra wọn, Balikuddembe ní ààfin, Kaggwa àti Kalemba nínú ilé wọn, ni wọ́n ń kó ènìyàn jọ tí wọ́n ń kọ́ wọn ní katikíísìmù. Nígbà tí àwọn fàdá padà dé, iye àwọn tó ń kọ́ ẹ̀kọ́ ìgbàgbọ́ ti pọ̀ ju bí wọ́n ti fi wọ́n sílẹ̀ lọ. Ọba Muteesa kú ní 1884, Mwanga sì jọba, ọ̀dọ́mọkùnrin ni.

Ọ̀sẹ̀ kejì, láti ọjọ́ 25 oṣù karùn-ún sí ọjọ́ 3 oṣù kẹfà. Ọ̀sẹ̀ kẹta, ohun tó tẹ̀lé e, àti ohun tí ó kan sakramẹ́ńtì tí wọ́n fẹ́ gbà.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni kí olùkọ́ sáré dé ibi iná ní ọ̀sẹ̀ kìíní. Bí ó bá ti ṣe bẹ́ẹ̀, kò sí ohun tí yóò mú àwọn ọmọ padà sí 1882 mọ́.

Abiyamọ_Ìjọ
Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ ìṣekúṣe ọba yẹn ńkọ́? Àwọn kan máa ń fò ó, àwọn kan máa ń sọ ọ́ débi pé àwọn òbí á bínú.

Tèmi ni pé kí a má fò ó, nítorí òun ni apá tó tan mọ́ ìgbésí ayé ọmọ ọdún 13 jù. Gbólóhùn méjì ti tó: “Ọba fẹ́ lo ara àwọn ọmọ ààfin ní ìlòkulò. Balikuddembe, àti Lwanga lẹ́yìn rẹ̀, dáàbò bò wọ́n, wọ́n sì kọ́ wọn pé kò sí àgbàlagbà tó ní ẹ̀tọ́ yẹn lórí wọn, ì báà jẹ́ ọba.” Kó parí síbẹ̀. Ẹ fi létà ránṣẹ́ sí àwọn òbí ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú. Kí àgbàlagbà méjì wà nínú yàrá. Bí ọmọ kan bá wá bá yín lẹ́yìn kíláàsì pé irú rẹ̀ ń ṣẹlẹ̀ sí òun, ẹ fetí sílẹ̀, ẹ má da ìbéèrè bò ó, ẹ má sì ṣèlérí pé ẹ kò ní sọ fún ẹnikẹ́ni. Ẹni tí ìjọ yàn fún ààbò ọmọdé gbọ́dọ̀ gbọ́ lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹ mọ orúkọ ẹni náà kí kíláàsì tó bẹ̀rẹ̀.

Àkójọ_Ìtàn
Òótọ́ ni, ìyá wa. Àfikún kan: ẹ má jẹ́ kí ó dà bíi pé ìdí kan ṣoṣo nìyẹn. Ẹ̀rù ń ba Mwanga. Ìgbàgbọ́ kan wà ní Buganda pé láti ìlà-oòrùn ni àwọn tí yóò gba ìlú yóò ti wá, ọ̀nà yẹn gẹ́lẹ́ sì ni Hannington gbà. Lẹ́yìn náà, Clara Nalumansi, ọmọbìnrin Ọba Muteesa, di Kátólíìkì, ó sì kọ iṣẹ́ tí àṣà gbé lé e lọ́wọ́ níbi ibojì ọba, ó dáná sun àwọn oògùn ibẹ̀. Lójú ọba, àṣẹ rẹ̀ ti ń bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ní ọjọ́ 25 oṣù karùn-ún ó bi ọmọ ààfin Denis Ssebuggwawo ohun tí ó ń ṣe, èyí sọ pé òun ń kọ́ Mwafu, ọmọ Katikkiro, ní ẹ̀kọ́ ìgbàgbọ́. Ọba fúnra rẹ̀ fi ọ̀kọ̀ gún un. Àárọ̀ ọjọ́ kejì ni wọ́n parí ìpa rẹ̀.

Alẹ́ ọjọ́ 25 yẹn, ní ààfin ọba ní Munyonyo, ni Lwanga ṣe ìrìbọmi fún Kizito, Gyavira, Mugagga àti Mbaga Tuzinde, nítorí ó mọ ohun tí ilẹ̀ yóò mọ́ bá. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ọba ní kí àwọn tó ń gbàdúrà bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Lwanga ló kọ́kọ́ bọ́ síbẹ̀, àwọn yòókù tẹ̀ lé e. Ẹ wo ìbéèrè ọba dáadáa: àdúrà ló bi wọ́n. Ẹni tó bá sọ pé òun kò ní gbàdúrà mọ́ á wà láàyè.

Olùdarí_Eré
Ní ti eré, ìṣẹ́jú méjìlá ti tó, ìran mẹ́ta: Balikuddembe níwájú ọba, alẹ́ ìrìbọmi ní Munyonyo, àti ìgbà tí ọba pín wọn sọ́tọ̀. Ẹ má ṣe ìran iná. Wọ́n fi ẹní esùsú wé àwọn mẹ́tàlá náà kí wọ́n tó tẹ́ wọn sórí igi, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹ kò gbọdọ̀ fi ẹní wé ọmọ: èémí á há, bí ó bá sì ṣubú, kò ní lè na ọwọ́ mú nǹkan. Ẹ ká ẹní mẹ́tàlá, ẹ tò wọ́n sílẹ̀ lórí ìlà kan, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan lọ dúró sẹ́yìn tirẹ̀ láìsọ̀rọ̀. Kí ẹnì kan wá ka orúkọ 22, bí ìṣẹ́jú-àáyá márùn-ún fún orúkọ kan. Kò ní ju ìṣẹ́jú méjì lọ, ìdákẹ́jẹ́ ibẹ̀ yóò sì ju iná èyíkéyìí lọ. Ẹ má tan àbẹ́là nítòsí àwọn ẹní náà. Esùsú gbígbẹ kì í pẹ́ gbiná.

Aṣọ: aṣọ èèpo igi ni àwọn Baganda ń wọ̀ nígbà náà, àwọ̀ rẹ̀ dà bí ilẹ̀ pupa. Ẹ ra aṣọ àwọ̀ ilẹ̀ tí kò ní òdòdó lára, yáàdì méjì fún ọmọ kan, ẹ so ó lé èjìká kan. Ẹ má fi aṣọ òkè tàbí fìlà abetí-ajá sí i. Ààfin Buganda la wà, a kò sí ní Ọ̀yọ́.

Ọmọ tó bá ṣe Mwanga, ẹ má jẹ́ kí ó ṣe é bí aláwàdà. Ọba tí èrò ń fi rẹ́rìn-ín kò lè dẹ́rù ba ẹnikẹ́ni, bí kò bá sì sí ẹ̀rù, kí ni Kizito ṣẹ́gun?

Sákísítàn
Ẹ̀gbọ́n Olùdarí, ẹ jẹ́ kí n tọ́ka sí ìran kejì. Ẹ má da omi sórí ọmọ nínú eré kí ẹ sì máa sọ ọ̀rọ̀ ìrìbọmi gan-an. Ìjọ kò fàyè gbà á kí a fi sakramẹ́ńtì ṣe eré. Kí Lwanga gbé igbá, kí ó na ọwọ́, kí iná lọ sílẹ̀, kí òǹsọ̀tàn sì sọ pé ó ṣe ìrìbọmi fún wọn. Nínú kíláàsì lẹ ti máa ṣàlàyé pé nígbà ewu ikú, ẹnikẹ́ni tó bá ní èrò ohun tí Ìjọ ń ṣe lè ṣe ìrìbọmi: omi lásán ni, kí ó ṣàn lórí, pẹ̀lú “Mo rì ọ́ bọmi ní orúkọ Baba, àti ti Ọmọ, àti ti Ẹ̀mí Mímọ́.” Ó yẹ kí ọmọ kọnfáméṣọ̀n mọ̀ ọ́n sórí.

Ní ti Mísà: aṣọ pupa. Kíkà kìíní ni 2 Makabéù 7:1–2, 9–14, ìyá àti àwọn ọmọkùnrin rẹ̀ méje. Ìhìnrere ni Mátíù 5:1–12. Ẹ yẹ Bíbélì wò ṣáájú o! Bíbélì Yorùbá tó wọ́pọ̀ nílé ọ̀pọ̀ ènìyàn kò ní Ìwé Makabéù. Bí òǹkàwé bá gbé ti ilé rẹ̀ wá, orí pẹpẹ ni yóò ti mọ̀. Bí ọjọ́ 3 bá bọ́ sí Ọjọ́ Ìsinmi, Mísà Ọjọ́ Ìsinmi ló borí, ẹ kàn lè fi wọ́n sínú àdúrà gbogbogbò. Nínú lítánì, ọ̀pọ̀ ni wọ́n, nítorí náà: “Charles Lwanga àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ, ẹ gbàdúrà fún wa.”

Bí ẹ bá fẹ́ ṣe nofénà, ìyẹn àdúrà ọjọ́ mẹ́sàn-án, ọjọ́ 25 oṣù karùn-ún lẹ máa bẹ̀rẹ̀ kí ó lè parí ní ọjọ́ 2. Ó ṣe wẹ́kú pẹ̀lú ọjọ́ ikú wọn. Ọjọ́ 25, ẹ fi rántí Balikuddembe àti Muzeeyi, tí ọjọ́ tiwọn jìnnà. Ọjọ́ 26, Ssebuggwawo, Kaggwa, Ngondwe. Ọjọ́ 27, Bazzekuketta àti Gonza, tí wọ́n pa lójú ọ̀nà Namugongo. Ọjọ́ 30, Kalemba: wọ́n ti gé e lọ́wọ́ gé e lẹ́sẹ̀ ní ọjọ́ 27 ní Old Kampala, wọ́n sì fi í sílẹ̀ níbẹ̀, ó ń béèrè omi. Ọjọ́ 31, Mawaggali. Ó ku ọjọ́ 28, 29, 1 àti 2. Ọjọ́ wọ̀nyí ni àwọn tó wà ní Namugongo fi wà nínú ìdè tí wọ́n ń ṣa igi jọ. Ẹni mẹ́ta mẹ́ta ní ọjọ́ kọ̀ọ̀kan jẹ́ méjìlá: Kiwanuka, Ludigo, Kibuuka, Kiriggwajjo, Sserunkuuma, Gyavira, Buzabaliawo, Baanabakintu, Mugagga, Mukasa Kiriwawanvu, Mbaga, Kizito. Lwanga ló ni ọjọ́ 3 fúnra rẹ̀.

Olùkọ́_Kọnfáméṣọ̀n
Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀yin àgbà. Ìbéèrè tí mo mọ̀ pé àwọn ọmọ á bi: ṣé wọ́n fẹ́ kú ni? Ṣé kò sí obìnrin níbẹ̀? Ẹni tí kò tíì ṣe ìrìbọmi ńkọ́?

Katikíìsì_Àgbà
Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti inú ọ̀rọ̀ náà: ajẹ́rìíkú, ẹni tó jẹ́rìí títí dé ojú ikú. Ẹ̀rí ló ṣáájú nínú ọ̀rọ̀ yẹn, ikú ló tẹ̀ lé e. Ìjọ kò gba ẹnikẹ́ni láyè láti wá ikú kiri. Ohun mẹ́ta ló ń wò: pé ẹni náà kú, pé nítorí ìkórìíra ìgbàgbọ́ ni wọ́n fi pa á, àti pé ó gbà á láìjà. Àwọn Kristẹni kan sá pamọ́ ní Buganda, kò sì sí ẹ̀sùn lọ́rùn wọn. Ní Namugongo pàápàá wọ́n dá àwọn ọmọ ààfin mẹ́ta sí: Denis Kamyuka, Charles Werabe àti Simeon Ssebuta. Ẹ̀rí àwọn wọ̀nyí wà lára ohun tí a fi mọ bí ọjọ́ náà ṣe rí.

Mukasa Kiriwawanvu kò tíì ṣe ìrìbọmi nígbà tí wọ́n sun ún. Ìrìbọmi ẹ̀jẹ̀ ni Ìjọ ń pe tirẹ̀: ẹni tó kú nítorí Kristi kí ó tó kan omi, ikú yẹn ló rì í bọmi.

Mbaga Tuzinde ni kí ẹ lò bí wọ́n bá bi yín bóyá ó rọrùn. Ìbátan rẹ̀ ni Mukajanga, olórí àwọn tẹ̀tú. Títí dé ibi iná ni bàbá náà fi ń bẹ̀ ẹ́ pé kí ó kàn sọ pé òun kò ní gbàdúrà mọ́, òun á fi í pamọ́. Kò gbà. Wọ́n lù ú pa kí wọ́n tó gbé e sórí iná, ìyẹn nìkan ni àánú tí ó kù tí Mukajanga lè ṣe fún un.

Abiyamọ_Ìjọ
Ní ti obìnrin: kò sí nínú àwọn 22. Ṣùgbọ́n ẹ sọ ìtàn Munaku, arábìnrin Noa Mawaggali. Wọ́n mú un nígbà tí wọ́n pa arákùnrin rẹ̀, kò sẹ́ ìgbàgbọ́, àwọn míṣọ́nárì rà á padà, kò sì lọ́kọ títí ayé rẹ̀, iṣẹ́ Ọlọ́run ló ń ṣe. Òun náà jẹ́rìí. Ẹ fi ìwé kíkà orúkọ 22 lé ọmọbìnrin lọ́wọ́ nínú eré.

Ọmọ_Kọ́rọ̀
Ẹ má bínú, ṣé ó yẹ ká dárúkọ àwọn Áńgílíkà nínú kíláàsì Kátólíìkì? Kò ní da àwọn ọmọ láàmú?

Àkójọ_Ìtàn
Ó yẹ o, àbúrò. Áńgílíkà ni Makko Kakumba, Yusufu Rugarama àti Nuwa Serwanga, tí Mwanga pa ní ọjọ́ 31 oṣù kìíní ọdún 1885, kó tó kan Balikuddembe rárá. Ní Namugongo, Áńgílíkà wà lára àwọn tí wọ́n jó ní ọjọ́ 3 oṣù kẹfà ọdún 1886. Nígbà tí Póòpù Paul Kẹfà ka àwọn 22 mọ́ àwọn Ẹni Mímọ́ ní ọjọ́ 18 oṣù kẹwàá ọdún 1964, ó dárúkọ àwọn Áńgílíkà náà nínú ìwàásù rẹ̀. Bí Póòpù kò bá fò wọ́n, kí ló dé tí àwa á fò wọ́n?

Fún ọ̀sẹ̀ kẹta: Póòpù Benedict Kẹẹ̀ẹ́dógún kà wọ́n mọ́ àwọn Ẹni Ìbùkún ní 1920. Kí wọ́n tó kà wọ́n mọ́ àwọn Ẹni Mímọ́, Ìjọ yẹ ìwòsàn àwọn sístà méjì wò, tí àrùn plague kọlù ní Rubaga ní 1941. Ní 1969 Paul Kẹfà lọ sí Ùgáńdà, òun ni Póòpù àkọ́kọ́ tó wà lórí oyè tó tẹ ilẹ̀ Áfíríkà. Bàsílíkà Namugongo, tí wọ́n yà sí mímọ́ ní 1975, ní òpó 22 yíká, ó sì ṣe bí ahéré àwọn Baganda. Ẹ fi àwòrán rẹ̀ hàn wọ́n, kí wọ́n ka àwọn òpó náà.

Àwọn ọmọ á béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Mwanga. Wọ́n lé e lórí oyè, ó padà, ó bá àwọn Gẹ̀ẹ́sì jà, wọ́n sì gbé e lọ sí ìgbèkùn ní erékùṣù Seychelles. Ibẹ̀ ló ti ṣe ìrìbọmi, wọ́n pe orúkọ rẹ̀ ní Danieri, ó kú síbẹ̀ ní 1903. Ẹ má fi ọ̀rọ̀ kankan kún un, ẹ jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀.

Sákísítàn
Ohun kan tó kù: ọmọ tó bá yan Lwanga gẹ́gẹ́ bí orúkọ kọnfáméṣọ̀n, ẹ kọ “Charles Lwanga” ní kíkún sínú ìwé ìforúkọsílẹ̀. Bí ẹ bá kọ “Charles” nìkan, ẹni tó bá kà á lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá lè rò pé Charles Borromeo ti ọjọ́ 4 oṣù kọkànlá ni, tàbí Charles de Foucauld ti ọjọ́ 1 oṣù kejìlá. Kizito kò ní irú ìṣòro yìí. Ẹ fi ìwé náà han ọmọ náà kí ó ka lẹ́tà orúkọ rẹ̀ kí ẹ tó tì í.

Olùkọ́_Kọnfáméṣọ̀n
Mo ti kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ẹní mẹ́tàlá la máa wá lọ́sẹ̀ yìí, létà àwọn òbí á sì jáde ní Ọjọ́ Ìsinmi tó ń bọ̀.